Olùṣọ́-Àgùntàn Tí Kò Ní Irùngbọ̀n: Bí Àmì Òrìṣà Gíríìkì àti Róòmù Ṣe Wọ Àwòrán Ìjọ Kristẹni

Abẹ́ ilẹ̀ ni àwòrán Kristẹni tó pẹ́ jù lọ nílùú Róòmù wà. Òfin ìlú náà kò gbà kí wọ́n sin òkú sínú odi, nítorí náà ẹ̀bá àwọn ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú ni ibojì máa ń wà. Láti òpin ọ̀rúndún kejì ni àwọn Kristẹni ti ń gbẹ́ ihò gígùn sínú òkúta rírọ̀ tí òkè ayọnáyèéfín tú sí agbègbè náà láyé àtijọ́. Ara ògiri ihò yìí ni wọ́n ń dá àlàfo sí, ọ̀kan lórí èkejì bíi pẹpẹ tí wọ́n ń to àwo sí, òkú kan sì ń wọ àlàfo kan. Àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu gba yàrá tiwọn, wọ́n fi ẹfun rẹ́ ẹ, wọ́n sì pe ayàwòrán wá. Ibi ìsìnkú Priscilla wà lọ́nà Salaria, ti Domitilla lọ́nà Ardeatina, ti Callixtus lọ́nà Appia. Callixtus yìí, díákónì ni nígbà tí Póòpù Zephyrinus fi í ṣe alábòójútó ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, òun náà ló sì wá di póòpù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá gbé iná wọ àwọn yàrá wọ̀nyí, tó ń retí àgbélébùú àti Jésù onírùngbọ̀n, yóò wá a tì. Ohun tí yóò rí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n, tó wọ ẹ̀wù péńpé, tó gbé ẹran kọ́ èjìká. Yóò rí obìnrin tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè, ọkùnrin tó sùn ní ìhòòhò lábẹ́ ìtàkùn, ẹyẹ ọ̀kín, igi àjàrà, ẹja àti ìdákọ̀ró. Ará Róòmù tó ń bọ òrìṣà mọ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Ó ti rí wọn lára ògiri ilé rẹ̀, lára ife tó fi ń mu wáìnì, lára owó tó fi ń ra búrẹ́dì.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Láàrín àwọn Júù ni ẹ̀sìn Kristi ti jáde, òfin Mósè sì ti ka ère léèwọ̀ nínú ìjọsìn. Nítorí èyí, àwọn ọmọ ìjọ àkọ́kọ́ kò jogún ọnà yíyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bí ìgbàgbọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe ibojì èèyàn wọn lọ́ṣọ̀ọ́, ìsọ̀ tí gbogbo ìlú ń lọ náà ni wọ́n lọ. Ayàwòrán tó kun yàrá àsè olówó lè tún gba iṣẹ́ nínú ihò ìsìnkú, ìlà pupa àti ìlà ewéko tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń pín òkè àjà ilé olówó náà ló sì fi ń pín òkè yàrá òkú. Àwọn ìwé kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn àgbà ìjọ ló forí korí, tí wọ́n sì pinnu àmì òrìṣà tí wọn yóò mú àti èyí tí wọn yóò fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ sọ nǹkan mìíràn: ọwọ́ oníṣẹ́ ló kọ́kọ́ da àmì méjèèjì pọ̀ nínú ìsọ̀, kí ẹnu oníwàásù tó bá a.

Pósí òkúta mábù kan wà tó fi èyí hàn gbangba. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Antiqua ló wà, níbi tí ọjà àti gbàgede ìjọba Róòmù àtijọ́ wà, nǹkan bí ọdún 270 ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ. Ní àárín rẹ̀, ọkùnrin ọlọ́gbọ́n kan jókòó, ó na ìwé kíká sọ́wọ́. Obìnrin kan dúró tì í, ó tẹ́ ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ìṣẹ́po aṣọ wọn hàn kedere, ìka wọn pé, àmọ́ wọn kò lójú, wọn kò sì nímú. Ibi tó yẹ kí ojú wà ṣì jẹ́ òkúta lásán tí irin kò tíì fá. Àṣà àwọn agbẹ́kùúta ìgbà náà ni pé wọ́n máa ń gbẹ́ pósí sílẹ̀ de oníbàárà, wọn a sì fi ojú sílẹ̀ títí ẹni tó rà á yóò fi dé, kí wọ́n lè gbẹ́ ojú tirẹ̀ gan-an sí i. Kò sẹ́ni tó padà wá parí ti pósí yìí. Ọlọ́gbọ́n, obìnrin aládùúrà àti olùṣọ́-àgùntàn tó wà lápá ọ̀tún jẹ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni lè rà, ìbáà jẹ́ Kristẹni tàbí abọ̀rìṣà. Jónà tó wà lápá òsì àti ìrìbọmi Jésù tó wà lápá kejì ló jẹ́ ká mọ ilé tí wọ́n gbé e lọ.

Obìnrin tó tẹ́ ọwọ́ sókè yẹn, orí owó Róòmù ló ti jáde. Níbẹ̀, ó dúró fún ìwà ọmọlúàbí tí ará Róòmù ń bu ọlá fún: kéèyàn ṣe ojúṣe rẹ̀ sí àwọn òrìṣà, sí ìlú àti sí ẹbí. Nínú ibojì Kristẹni, ó di ọkàn olóògbé tó ń gbàdúrà. Wọn kò yí ìdúró rẹ̀ padà, wọn kò sì yí aṣọ rẹ̀ padà.

Ẹ̀rí kan wà láti ẹnu olùkọ́ ìjọ pé ohun tó wà lọ́jà ni Kristẹni ń yàn nínú rẹ̀. Clement ti Alẹksándríà, tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 200, gba àwọn ọmọ ìjọ nímọ̀ràn nípa òrùka èdìdì. Òrùka yìí ṣe pàtàkì nígbà náà, nítorí òun ni wọ́n fi ń tẹ ìda sí ìwé àti sí ìlẹ̀kùn ilé ìṣúra. Clement ní kí wọ́n yan àdàbà, tàbí ẹja, tàbí ọkọ̀ ojú omi tí atẹ́gùn ń gbé lọ, tàbí dùùrù bíi ti Polycrates, tàbí ìdákọ̀ró bíi ti Seleucus. Polycrates jẹ́ aláṣẹ erékùṣù Samos, Seleucus sì jẹ́ ọ̀gágun Alexander tó wá di ọba. Kò sí èyí tó gbọ́ ìwàásù Jésù rí nínú wọn. Ó ka ojú òrìṣà léèwọ̀, ó ka idà àti ọrun léèwọ̀ fún ẹni tó ń lépa àlàáfíà, ó sì ka ife ọtí léèwọ̀ fún ẹni tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dá àmì tuntun sílẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà ló ṣe ṣa àwo agbẹ́dìdì: ó mú èyí tó dára, ó da èyí tí kò dára nù.

Nínú gbogbo àmì tí wọ́n ṣà bẹ́ẹ̀, olùṣọ́-àgùntàn ló gbilẹ̀ jù. Àwọn Gíríìkì ti ń gbẹ́ ọkùnrin tó gbé ẹran kọ́ ọrùn ní nǹkan bí ọdún 560 ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀kan nínú irú ère bẹ́ẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ lórí òkè Acropolis ní Athens ní 1864: ọkùnrin kan gbé ọmọ màlúù kọ́ èjìká láti lọ fi rúbọ. Ní ìlú Tanagra, ìtàn wọn sọ pé òrìṣà Hermes gbé àgbò yí odi ìlú ká kí àjàkálẹ̀ àrùn má bàa wọlé, gbẹ́nàgbẹ́nà Calamis sì fi ìdúró náà gbẹ́ ère fún wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Róòmù, darandaran ti di àmì ìgbé ayé ìrọ̀rùn lóko, níbi tí ariwo ìlú kò dé, àwọn olówó sì fẹ́ràn rẹ̀ lára pósí wọn. Kristẹni tó rí àwòrán yìí nísọ̀ kò ní láti ronú púpọ̀. Ìwé Ìyìn Rere Lúùkù sọ ìtàn ẹni tó wá àgùntàn kan tó sọnù títí ó fi rí i tó sì gbé e lé èjìká, ti Jòhánù sì pe Jésù ní Olùṣọ́-Àgùntàn Rere. Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àlùfáà ìjọ, olùṣọ́-àgùntàn, orí ìtàn yìí kan náà ló dúró lé.

Àwòrán kan wà nínú ibi ìsìnkú Priscilla tó yẹ kí a dúró wò dáadáa. Òkè yàrá kékeré kan ló wà, láàrín òbìrí, ẹyẹ ọ̀kín sì wà ní ìtòsí rẹ̀. Ìdajì kejì ọ̀rúndún kẹta ni wọ́n yà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró, ó na ọwọ́ kan síta, ó sì fi èkejì di ẹsẹ̀ ẹran tó wà lọ́rùn rẹ̀ mú. Ewúrẹ́ ni ẹran náà. Ẹni tó ka Ìyìn Rere Mátíù mọ̀ pé ewúrẹ́ ni wọn yóò yà sọ́wọ́ òsì lọ́jọ́ ìdájọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ sí i, pé àánú Kristi kan ẹlẹ́ṣẹ̀ pàápàá. Ìtumọ̀ náà dùn, ó sì lè jẹ́ òótọ́ lọ́kàn ẹni tó ni ibojì. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán oko tí ayàwòrán Róòmù kọ́ láti kékeré, àgùntàn àti ewúrẹ́ jọ ń jẹ̀ ni, èyí tó bá wu ọwọ́ ló ń gbé kọ́ ọrùn darandaran. Àwòrán tó mọ̀ ló yà.

Láàrín ọ̀rúndún kẹta náà, olùṣọ́-àgùntàn ti dé gbogbo ibi tí ìjọ dé. Òǹkọ̀wé ìjọ, Tertullian, ní Carthage mẹ́nu kàn án pé wọ́n ń yà á sára ife. Ní Dura-Europos lẹ́bàá odò Yúfírétì ní Síríà, wọ́n sọ ilé gbígbé kan di ilé ìjọsìn, wọ́n sì yà á sókè ibi ìrìbọmi pẹ̀lú agbo rẹ̀, pẹ̀lú Ádámù àti Éfà tó kéré gan-an nísàlẹ̀. Ìlú náà ṣubú sọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà ní 256, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó ti odi nígbà ogun sì bo ilé náà mọ́lẹ̀, èyí ló pa àwòrán náà mọ́ di òní.

Ìtàn Jónà gba ọ̀nà tó yàtọ̀ díẹ̀. Nínú Bíbélì, wòlíì yìí jókòó lábẹ́ ìtàkùn, inú bí i, ó ń bá Ọlọ́run ṣe gbólóhùn asọ̀. Lára pósí àti lára ògiri ibojì, kò bínú rárá. Ó na gbalaja, ó bọ́ra sílẹ̀, ó ká apá kan lé orí, oorun ń kùn ún. Endymion ni ẹni tó ń sùn báyẹn, arẹwà ọkùnrin inú ìtàn Gíríìkì tí òrìṣà òṣùpá fẹ́ràn, tí oorun rẹ̀ kò sì lópin. Àwọn ará Róòmù fẹ́ràn rẹ̀ lára pósí nítorí ó ń sọ ikú di oorun tó dùn. Agbẹ́kùúta tí wọ́n ní kó gbẹ́ Jónà kò rí Jónà rí, ó ti gbẹ́ Endymion títí. Ó mú òṣùpá kúrò, ó fi ìtàkùn àti ẹja abàmì síbẹ̀. Ẹja náà pàápàá, ọrùn gígùn ló ní, ìrù rẹ̀ sì ká bíi ti ejò. Ẹranko inú òkun àwọn Gíríìkì ni. Ìjọ gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí Jésù fúnra rẹ̀ ti fi ọjọ́ mẹ́ta Jónà nínú ẹja wé ọjọ́ mẹ́ta tirẹ̀ nínú ilẹ̀, òkú tó sùn tí yóò jí sì ni ọ̀rọ̀ tí ará ilé olóògbé fẹ́ gbọ́.

Ti Orpheus kò ní àlàyé gígùn. Onídùùrù inú ìtàn Gíríìkì yìí ń kọrin, kìnnìún àti àgbọ̀nrín ń jókòó tì í. Ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ipò òkú láti wá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n yà á nínú ibi ìsìnkú Domitilla àti ti Peter àti Marcellinus. Ní ti Callixtus, àgùntàn ló rọ̀gbà yí i ká, tó jẹ́ pé èèyàn ní láti wo dùùrù ọwọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé kì í ṣe Olùṣọ́-Àgùntàn Rere. Clement ti kọ ọ́ pé Kristi ni olórin tòótọ́ tó ń sọ ẹhànnà èèyàn di ẹni pẹ̀lẹ́. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ìwé àti iṣẹ́ ìsọ̀ pàdé.

Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Saint Peter fúnra rẹ̀ ni èyí tó yani lẹ́nu jù wà. Ní 1574 àwọn òṣìṣẹ́ ṣèèṣì lu ihò sí òkè ibojì kékeré kan níbẹ̀. Láàrín 1940 sí 1949 ni wọ́n wá gbẹ́ agbègbè náà jáde ní kíkún. Ibojì ìdílé Julius ni. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò ṣe àwòrán rẹ̀, ó sì lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún tó ti wà níbẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn wà lára ògiri, apẹja wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀, Jónà sì ń já sínú omi. Lókè, igi àjàrà aláwọ̀ ewéko tàn kálẹ̀ lórí àwọ̀ wúrà, láàrín rẹ̀ ni ọkùnrin kan ti dúró nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ẹṣin funfun ń fò sókè níwájú rẹ̀, ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ ń ta jáde lórí rẹ̀, ó sì gbé òbìrí ayé sọ́wọ́ òsì. Helios nìyẹn, òrìṣà oòrùn, láìku ẹyọ kan. Nítorí àwọn tó yí i ká ni wọ́n ṣe gbà pé Kristi ni: Oòrùn Òdodo tí wòlíì Málákì sọ nípa rẹ̀, tó jíǹde láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀.

Òrìṣà oòrùn lágbára gan-an nígbà yẹn. Olú-ọba Aurelian kọ́ tẹ́ńpìlì fún Oòrùn Aláìṣeéṣẹ́gun ní Róòmù ní 274. Constantine, tó fọwọ́ sí òmìnira ẹ̀sìn pẹ̀lú Licinius ní Milan ní 313, ṣì ń tẹ àwòrán òrìṣà yìí sára owó rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, òfin tó sì ṣe ní 321 pé kí iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ Àìkú pè é ní ọjọ́ Oòrùn. Kàlẹ́ńdà Róòmù ti ọdún 354 fi ọjọ́ ìbí Aláìṣeéṣẹ́gun àti ọjọ́ ìbí Kristi sí ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Òbìrí ìmọ́lẹ̀ tó ń yí orí ẹni mímọ́ ká nínú gbogbo àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà yìí ló gbà wọlé. Orí òrìṣà oòrùn ló kọ́kọ́ wà, ó bọ́ sórí olú-ọba, ní ọ̀rúndún kẹrin ó bọ́ sórí Kristi, lẹ́yìn náà ó kan áńgẹ́lì, àpọ́sítélì àti ẹni mímọ́. Ó pẹ́ tó fi kúrò lórí ọba pátápátá: ní ṣọ́ọ̀ṣì San Vitale ní Ravenna, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 547, olú-ọba Justinian àti ayaba Theodora ṣì dé òbìrí náà.

Òmìnira ọdún 313 yí oníbàárà padà ju bó ṣe yí iṣẹ́ padà lọ. Àwọn ọlọ́lá ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìjọ, owó wọn sì wọ ìsọ̀. Junius Bassus, gómìnà ìlú Róòmù, kú lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 359, lẹ́ni ọdún 42 àti oṣù méjì. Àkọlé orí pósí rẹ̀ sọ pé kò pẹ́ tó ṣe ìrìbọmi tó fi lọ bá Ọlọ́run. Ní 1597 ni wọ́n rí pósí náà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Saint Peter, kò sì sí iṣẹ́ òkúta Kristẹni ìgbà náà tó dára tó o.

Àjà méjì ni iwájú rẹ̀, ìtàn Bíbélì márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀, òpó òkúta sì là wọ́n láàrín bí ẹni pé inú yàrá ni oníkálukú wà. Ábúráhámù fẹ́ fi Ísáákì rúbọ, Jóòbù jókòó nínú ìyà rẹ̀, Ádámù àti Éfà tijú ìhòòhò, Pílátù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ìdájọ́ kò bá lára mu. Àárín òkè ni Kristi jókòó sí láàrín Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, ọ̀dọ́ ni, kò ní irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ rí bíi ti Apollo. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àgbàlagbà onírùngbọ̀n kan ti yọ orí àti àyà jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ kan sókè tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ bí ìgbòkun. Caelus nìyẹn, òrìṣà ojú ọ̀run. Aṣọ tó nà yẹn ni sánmà. Lára ibodè ìṣẹ́gun olú-ọba Galerius ní Tẹsalóníkà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe gbé àwọn olú-ọba jókòó sórí rẹ̀. Wọn kò lé òrìṣà náà jáde lára pósí Bassus. Wọ́n fún un níṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn pààrọ̀ ẹni tó jókòó lé e ni. Lára òpó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kristi, àwọn ọmọdékùnrin oníyẹ̀ẹ́ ń gun igi àjàrà. Lára ìpẹ̀kun pósí náà, irú wọn ń kórè èso. Ọmọ ẹgbẹ́ Bacchus, òrìṣà wáìnì, ni wọ́n jẹ́ kí Kristẹni tó rí i pé Jésù pe ara rẹ̀ ní àjàrà tòótọ́.

Àjàrà yìí wà lókè Santa Costanza, ibojì tí wọ́n kọ́ ní òbìrí fún Constantina, ọmọbìnrin Constantine, tó kú ní 354. Àwọn ọmọdé ń ká èso, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ màlúù kó o, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè jáde. Ó péye débi pé ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ilé náà ní tẹ́ńpìlì Bacchus.

Ní 1955, àwọn tó ń kọ́lé lọ́nà Latina ní Róòmù ṣèèṣì já sínú ibi ìsìnkú kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ti ẹbí ni, kì í ṣe ti ìjọ, ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n sì ya àwọn àwòrán rẹ̀. Yàrá kan kún fún ìtàn Hercules. Ó ń pa ejò olórí púpọ̀, ó ń ká èso wúrà, ó sì ń mú Alcestis, obìnrin tó gbà láti kú dípò ọkọ rẹ̀, padà wá láti ipò òkú, ajá olórí mẹ́ta sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń gba inú ti Hercules kọjá kí wọ́n tó dé, ìtàn Bíbélì ló wà níbẹ̀: Jésù ń pe Lásárù jáde nínú ibojì. Bóyá abọ̀rìṣà àti Kristẹni jọ wà nínú ẹbí kan ni, bóyá Kristẹni ni gbogbo wọn tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn àtijọ́. Ayàwòrán wọn jọra, àwọ̀ wọn jọra, ìrètí tó wà nínú wọn sì jọra.

Ìyẹ́ apá áńgẹ́lì náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú àwòrán ìgbà àkọ́kọ́, áńgẹ́lì kì í ní ìyẹ́: èyí tó wá kí Màríà nínú ibi ìsìnkú Priscilla, ọkùnrin lásán ló jọ. Ìṣẹ́gun, òrìṣà obìnrin tó ń fò wá fi adé ewé dé olú-ọba, ló ní ìyẹ́ ní Róòmù. Pẹpẹ rẹ̀ wà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin títí olú-ọba Gratian fi mú un kúrò ní 382. Ní 384 aṣòfin Symmachus bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà, bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ti Milan sì tako ó, Ambrose borí. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Póòpù Sixtus kẹta (432 sí 440) to àwòrán òkúta wẹ́wẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore, áńgẹ́lì ibẹ̀ sì na ìyẹ́ gígùn. Wọ́n ti gbé pẹpẹ òrìṣà náà jáde nílé ìgbìmọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kù sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́.

Ravenna ni ìyípadà ti hàn jù. Nínú ibojì tí wọ́n ń fi orúkọ Galla Placidia pè, tí wọ́n kọ́ ṣáájú ìdajì ọ̀rúndún karùn-ún, olùṣọ́-àgùntàn ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà. Àgùntàn mẹ́fà yí i ká. Ṣùgbọ́n kò wọ ẹ̀wù péńpé mọ́: ẹ̀wù wúrà ló wọ̀, aṣọ àlàárì ọba wà lára rẹ̀, òbìrí wúrà yí orí rẹ̀ ká, igi àgbélébùú wúrà ló sì fi ṣe ọ̀pá darandaran. Kò gbé ẹran kankan kọ́ ọrùn. Ọba ló ń bójú tó agbo níbí. Lẹ́yìn èyí, olùṣọ́-àgùntàn pòórá díẹ̀díẹ̀ nínú àwòrán ìjọ, àgbélébùú àti Kristi onírùngbọ̀n sì gba ipò rẹ̀.

Àmọ́ nínú ilé ìrìbọmi tí àwọn Kristẹni ẹ̀ka Arian kọ́ ní ìlú kan náà, nígbà ìjọba ọba Theodoric, ní nǹkan bí ọdún 500, àgbàlagbà kan jókòó lẹ́bàá Jésù tó dúró nínú omi. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, esùsú wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ṣàn láti inú ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ alákàn pupa méjì sì yọ lórí rẹ̀ bí ìwo. Odò Jọ́dánì ni. Báyìí ni ará Róòmù ti ń gbẹ́ òrìṣà odò àti òrìṣà òkun láti ìgbà pípẹ́. Odò Tiber àti odò Náílì náà rí bẹ́ẹ̀. Jọ́dánì gbé ọwọ́ sókè, ó ń wo Olúwa tó ń ṣe ìrìbọmi nínú omi rẹ̀. Ní ilé ìrìbọmi mìíràn nítòsí, èyí tí bíṣọ́ọ̀bù Neon ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú, Jọ́dánì kan náà yọ orí láti inú omi.

Gbogbo èyí kò ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó kọminú. Póòpù Leo Ńlá (440 sí 461) bá àwọn ọmọ ìjọ wí nínú ìwàásù Kérésìmesì pé àwọn kan, bí wọ́n bá ti gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Saint Peter dé òkè, wọn a yíjú padà sí oòrùn tó ń yọ, wọn a tẹrí ba fún un kí wọ́n tó wọlé. Abẹ́ ilé yẹn kan náà ni Kristi inú kẹ̀kẹ́ oòrùn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti bò ó kí Leo tó dé ipò. Póòpù Gregory Ńlá gba ọ̀nà mìíràn. Ní 601 ó kọ lẹ́tà sí Mellitus tó ń lọ wàásù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n fọ́ ère inú tẹ́ńpìlì ṣùgbọ́n kí wọ́n má wó tẹ́ńpìlì náà, kí wọ́n fi omi mímọ́ wọ́n ọn, kí wọ́n sì tẹ́ pẹpẹ sínú rẹ̀. Ní 609 Póòpù Boniface kẹrin gba Pantheon lọ́wọ́ olú-ọba Phocas, ó sì yà á sí mímọ́ fún Màríà àti àwọn ajẹ́rìíkú. Ilé gbogbo òrìṣà di ilé gbogbo ẹni mímọ́, òrùlé rẹ̀ kò sì wó títí di òní.

Lẹ́yìn èyí, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, díẹ̀díẹ̀ ni àmì àtijọ́ ń jáde nínú iṣẹ́ ìjọ, títí àwọn ará Ítálì fi padà sí ìwé àti ère àwọn baba ńlá wọn ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti ìgbà yìí ni pé ọ̀mọ̀wé ló ń darí rẹ̀. Nígbà tí Michelangelo kun òkè Sistine láàrín 1508 sí 1512, ó fi wòlíì Bíbélì méje síbẹ̀, ó sì fi aríran obìnrin márùn-ún ti ilẹ̀ kèfèrí jókòó láàrín wọn, Delphi, Cumae, Líbíà, Páṣíà àti Erythrae. Àwọn bàbá ìjọ bíi Lactantius àti Augustine ti kọ ọ́ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí sọ àsọtẹ́lẹ̀ Kristi láìmọ̀, wọ́n sì gbà pé ọmọ tí akéwì Virgil kéde ìbí rẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú Kristi kò jẹ́ ẹlòmíràn. Níhìn-ín, àwọn àgbà ti forí korí lóòótọ́.

Michelangelo padà sínú yàrá kan náà, ó sì kun Ìdájọ́ Ìkẹyìn sára ògiri pẹpẹ láàrín 1536 sí 1541. Kristi tó wà láàrín rẹ̀ kò ní irùngbọ̀n, ó sì sígbọnlẹ̀ bí ère Gíríìkì. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni Charon ti gbé àjẹ̀ sókè, atukọ̀ òkú àwọn Gíríìkì, ó ń lu àwọn ẹni ègbé jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀. Minos, onídàájọ́ ipò òkú, dúró ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ejò wé mọ́ ọn lára. Inú ìwé akéwì Dante ni Michelangelo ti pàdé àwọn méjèèjì. Àwọn kan bínú sí iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1563 ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Trent ṣòfin lórí àwòrán mímọ́, pé kí ohun tí kò bójú mu kúrò nínú rẹ̀. Ní 1565 wọ́n pe Daniele da Volterra wá, ó gun àkàbà, ó sì kun aṣọ bo ìdí àwọn tó wà ní ìhòòhò. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, Charon ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, àjẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.